Wákàtí Kan fún Orin Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Orin náà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. "Ko-Ko" lorúkọ rẹ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1945 ni wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní New York fún ilé-iṣẹ́ àwo orin Savoy. Charlie Parker, ẹni ọdún 25, ló ń fun saksofóònù. Dizzy Gillespie fun tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì, Max Roach wà nídìí ìlù, Curly Russell di béèsì mú. Miles Davis, ọmọ ọdún 19, wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu kan fèrè sí orin yìí.

Bí ẹ bá gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ rédíò, tí ẹ jẹ́ kó kọ tán, tí ẹ dárúkọ Parker, tí ẹ sì bọ́ sórí òmíràn, ẹ ti ṣiṣẹ́ yín, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí. Ní ti Phil Schaap, atọ́kùn ètò jáàsì lórí rédíò ní New York, ó lè fi wákàtí kan ṣe é nígbà ayé rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ gbé èyí tí wọn kò parí jáde, torí Savoy kò da ìyẹn nù: ẹ ó gbọ́ bí Parker àti Gillespie ṣe ti ń fun ohùn "Cherokee", orin Ray Noble tí wọ́n kọ́ "Ko-Ko" lé lórí, kí wọ́n tó dá wọn dúró. Á dá àwo dúró níbẹ̀. Kí ló dé? Ṣé orin fẹ́ gùn ju ojú àwo lọ ni, àbí owó tí wọn ì bá san fún ẹni tó ni "Cherokee" ló bà wọ́n lẹ́rù? Á wá gbé èyí tí wọ́n parí sílẹ̀. Fèrè méjèèjì ló ṣí i, kò sí pianó níbẹ̀ rárá. Ìgbà tí Parker bẹ̀rẹ̀ sí í dá fun ni pianó tó wọlé. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ṣé Gillespie ni, tí tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, àbí Argonne Thornton, tí òun náà wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà? Àwọn tó mọ̀ nípa orin yìí ti bá ara wọn fà á títí. Á ní kí ẹ tún un gbọ́. Bí ẹ ṣe ń tún un gbọ́, etí yín kò ní sí lára fèrè Parker mọ́, abẹ́ rẹ̀ lẹ ó máa wá kiri, ẹ ó sì bá ohun tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí tí ẹ kò gbọ́ rí.

"Bird Flight" lorúkọ ètò Schaap, torí "Bird" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Parker ń pè é. Ọdún 1981 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, lórí WKCR, 89.9 FM, rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Columbia ní New York. Olórin kan ṣoṣo ni wọ́n gbé ètò náà kà, ẹni tó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1955 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 34. Nǹkan bí 40 ọdún ni Schaap fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọdún 1970 ni òun fúnra rẹ̀ wọ rédíò náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́, kò lọ. Ó wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 70. Ọ̀fẹ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ wò fínnífínní, torí pé ọ̀pọ̀ wa rò pé ohùn dídùn ni rédíò. Ohùn Schaap kò dùn. Ohùn ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ nídìí káńtà ni, tó ń fà, tó ń padà sẹ́yìn láti lọ mú ohun tó gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́. Àwo tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kọ kì í dédé bẹ̀rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ yí dé ìwọ̀n eré tó yẹ ná. Bí atọ́kùn bá gbé abẹ́rẹ́ sí ojú ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, tó wá tan ẹ̀rọ, ohùn àkọ́kọ́ á fà wọlé, á wúwo, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló máa mọ̀ pé ìkùgbù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti fi etí ara rẹ̀ wá ohùn àkọ́kọ́ náà nígbà tí àwo kejì ṣì ń kọ, á fi ìka dá àwo padà sẹ́yìn, ìdajì ìyípo tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló máa wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ń dárúkọ onílù, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Gbólóhùn rẹ̀ ìkẹyìn àti ìdajì ìyípo yẹn gbọ́dọ̀ parí pọ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan.

Etí le ju ọwọ́ lọ. Àwo àtijọ́ tí wọ́n ní ó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn ní tòótọ́. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba orin bá ń lọ́ra lọ́jọ́ náà, tí èyí tí a fi ń gbọ́ ọ sì dára, orin á yára ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, ohùn á sì gòkè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "Kind of Blue" nìyẹn, àwo Miles Davis tí gbogbo ayé mọ̀. Orin mẹ́ta ojú kìíní rẹ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1959 ni wọ́n gbà wọ́n, ẹ̀rọ tí wọ́n lò kò sáré tó. Ó lé ní 30 ọdún tí wọ́n fi ń tẹ àwo náà jáde bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé fèrè tirẹ̀ nílé láti bá a fun á rí i pé ohùn kò bá ohùn mu. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tẹ èyí tó tọ́ jáde. Ẹni tó bá ń fi àwo ṣiṣẹ́ rédíò tí kò ní irú etí yìí, irọ́ ló máa ń pa fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ láìmọ̀, á ní báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹ fi lè mọ bí etí Schaap ti mú tó. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dean Benedetti, òun náà ń fun saksofóònù, ìfẹ́ Parker sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí rẹ̀. Ní ọdún 1947 àti 1948, ó ń gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tẹ̀lé Parker láti ilé ijó kan dé òmíràn. Bí Parker bá gbé fèrè sẹ́nu láti dá fun, á tan ẹ̀rọ. Bí Parker bá ti gbé e kúrò lẹ́nu, á pa á. Orin àwọn yòókù kò kàn án. Ohun tó kó jọ nígbà náà kì í ṣe orin, ìrépé orin ni, kò lórí, kò nídìí, òmíràn kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, lórí àwo àti lórí téèpù oníwèé tó ti ń gbó. Schaap wà lára àwọn tó jókòó tì í, tí wọ́n ń wá orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, alẹ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti ohun tó ṣáájú èyí tó tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ Mosaic gbé e jáde ní 1990. Mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi sùúrù tú irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi èrò yín gbé e bó ṣe máa ṣe àwo tó pé.

Ẹnu ló kù. Ohun tí Schaap ń fi ẹnu ṣe kò jìnnà sí iṣẹ́ arókin lààfin Ọ̀yọ́: kì í dárúkọ ẹnì kan kó má dárúkọ ẹni tó bí i, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹni tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà, àti ẹni tó yẹ kó wá tí kò wá. Bó bá ń sọ ti Lester Young, olórin saksofóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀ ní Chicago ní 1936, á sọ fún yín pé Count Basie ló tẹ pianó níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè fi orúkọ rẹ̀ sára àwo, torí ó ti tọwọ́ bọ̀wé fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Á sì sọ fún yín pé Jo Jones ló lu ìlù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí: Jo Jones yìí kan náà ló máa ń bójú tó Schaap nígbà tó wà ní kékeré. Ọdún 1951 ni wọ́n bí Schaap, ó sì dàgbà ní Hollis ní Queens, àdúgbò tí àwọn olórin bíi Buck Clayton àti Roy Eldridge fi ṣe ilé. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jáàsì, ó sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ìtàn wọ̀nyí lẹ́nu àwọn tó ni wọ́n kó tó kà wọ́n nínú ìwé.

Ẹ̀wẹ̀, kí n má purọ́: nígbà mìíràn ó pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gùn ju orin tó fẹ́ gbé sílẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ló ti kùn sí i, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọjọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀ ṣe pàtàkì; bóyá aago mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àbí aago mẹ́ta ààbọ̀, ìyẹn kò sọ fún mi ìdí tí omi fi ń bọ́ lójú mi bí Parker bá ń fun "Embraceable You". Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí nǹkan kan. Bí èèyàn bá fara dà á títí ọ̀rọ̀ fi tán, tí orin wá wọlé, kì í gbọ́ ọ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó ti mọ ẹni tó wà nínú yàrá náà. Ó ń retí ìgbà tí béèsì máa yí.

Ta ló máa fún èèyàn láyè báyìí ní rédíò tó ń wá owó? Ìpolówó ọjà ni aago irú rédíò bẹ́ẹ̀, òun ló ń gé wákàtí sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ parí kí ọṣẹ tó dé. Òfin ló dá ibi tí WKCR wà sílẹ̀. Ní 1945, ìjọba Amẹ́ríkà ya apá ìsàlẹ̀ FM sọ́tọ̀, láti 88 dé 92, fún àwọn rédíò tí kì í ta ọjà. Ibẹ̀ ni 89.9 bọ́ sí. Rédíò tó bá wà níbẹ̀ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé ẹ lọ ra nǹkan. Owó tí àwọn olùgbọ́ bá dá jọ wà lára ohun tí WKCR fi ń rìn. Ó kàn yẹ kí wọ́n dárúkọ ara wọn àti ìlú wọn bí wákàtí bá ti yí, ó parí.   

Àìsí ìpolówó kò ṣe rédíò kankan lóore fúnra rẹ̀. Àwọn rédíò kan wà tí kì í ta ọjà, tí wákàtí wọn ṣófo, ẹni tó wà nídìí máìkì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àyè tí kò lólówó fẹ́ ẹni tó lè fi iṣẹ́ kún un. Ohun tó dára ní WKCR ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí rẹ̀, tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, ti sọ fífi iṣẹ́ kún àyè yẹn di àṣà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjọ́ ìbí àwọn olórin. Lester Young, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1909. Charlie Parker, ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1920. WKCR so méjèèjì pọ̀, wákàtí 72 tààràtà, lọ́sàn-án lóru, kò sí ẹlòmíràn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nídìí máìkì ti gbé jáde, kó má baà tún un gbé, bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ gbé orin kan náà tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà, ó gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀kejì nìyí, kó sì sọ ibi tí ẹ ó ti gbọ́ ìyàtọ̀. Ọmọ ọdún 20 ni. Ó lè ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń ka orúkọ sẹ́yìn lẹ́yìn orin márùn-ún, láti orí èyí tó parí lọ sí èyí tó kọ́kọ́ kọ, pẹ̀lú ọdún, pẹ̀lú onílù, kò sáré, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má yí rédíò. Ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀. Mo fẹ́ràn ìgbọ̀nrìrì yẹn ju ohùn oyin tí wọ́n ń rà lọ.

Ti Louis Armstrong tún pa mí lẹ́rìn-ín. Armstrong sọ ọ́ títí ayé rẹ̀ pé ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1900 ni wọ́n bí òun, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní New Orleans: ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1901. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á mú ọ̀kan. WKCR ń ṣe méjèèjì. Lọ́dọọdún, wọ́n ń fi odindi ọjọ́ kan ṣe èyí tí Armstrong fẹ́, wọ́n sì ń fi òmíràn ṣe èyí tí ìwé sọ. Kì í ṣe jáàsì nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún; ní ìparí ọdún, orin Bach ni yóò gbà á kan títí ọdún fi máa yí.

Bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣì wà láyé, ewu wà níbẹ̀. Ní 1979, rédíò náà fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbé orin Miles Davis jáde. Davis ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti 1975, kò fun fèrè ní gbangba mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ wọn nílé. Ó gbé fóònù, ó kọ́kọ́ da èébú bo Schaap. Ẹlòmíràn á bẹ̀ ẹ́, á dúpẹ́, á sì máa fi í yangàn kiri. Schaap jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀, ó wá mú pẹ́ńsù: ta ló fun èyí, ọjọ́ wo ni tọ̀hún, orúkọ ta ni wọ́n fi àṣìṣe kọ sí i? Wọ́n sọ ọ́ pẹ́, wọ́n ń tún àṣìṣe ara àwo ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ Coltrane kàn wá ju èyí lọ. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí àwo ìlù rẹ̀ "Drums of Passion" mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ ìlù wa nílé wọn, ní ilé àṣà kan ní òpópónà 125 ní Harlem, kò jìnnà sí Columbia. John Coltrane bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Orin kan wà tó sọ ní "Tunji" ní 1962. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967, Coltrane wá fun fèrè nílé àṣà Ọlátúnjí yìí. Oṣù Keje ọdún yẹn ló kú. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ le gbọ́: fèrè ń ya, ìlù bo gbogbo rẹ̀, ó dà bíi pé máìkì kò lè gbé e. Ó di 2001 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún títà. Báwo ni èèyàn ṣe ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ ìbí Coltrane, tí wọn kò ní rò pé rédíò àwọn ló bàjẹ́? Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí atọ́kùn sọ ọ́ ṣáájú: ohùn yìí máa le létí yín, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wá ìlù lọ sí apá ìsàlẹ̀, ẹ dìrọ̀ mọ́ ọn, fèrè á wá bá yín níbẹ̀. Ìtọ́ni díẹ̀ ló ń sọ ariwo di orin.

Rédíò yìí kan náà, láti 1990 sí 1998, ní òru Ọjọ́bọ̀ láti aago kan títí di márùn-ún ìdájí, ni Adrian Bartos tí wọ́n ń pè ní Stretch Armstrong àti Robert "Bobbito" García ti ń ṣe ètò hip-hop wọn. Ẹ ò lè rí ẹni méjì tó jìnnà sí Schaap tó wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń ka lẹ́tà olùgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ tuntun bá dé ìdí máìkì. Ẹ̀fẹ̀ á dúró. Stretch á fi àwo méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà sórí ẹ̀rọ méjì, á máa mú ìlù ibì kan náà wá láti orí ọ̀kan dé orí èkejì kó má tán, kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Wọ́n á fi ọmọ náà sílẹ̀ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Nas, Notorious B.I.G., Jay-Z, àwọn Wu-Tang, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìdí máìkì kọjá kí òkìkí wọn tó kàn. Kò sí ọ̀gá tó máa sọ pé orúkọ ẹni yìí kò tíì tà. Àwọn ọmọ tí kò rí ètò náà gbọ́ dáadáa láti ibi tí wọ́n ń gbé ń wá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kiri. Èmi kì í gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, wọ́n yára jù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn méjèèjì nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ ni mo máa ń lọ gbọ́.

 

Èyí tó fi hàn mí pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ẹ̀hónú hàn nítorí ogun Gásà ti gba Hamilton Hall ní Columbia, ilé kan náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà ní 1968, ìgbà tí WKCR náà ti ròyìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ọlọ́pàá wọ ọgbà. Orin dúró lórí 89.9. Ohun tí a ń gbọ́ ni ohùn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró síta, tó sọ ibi tó dúró sí, ohun tó rí, ọ̀nà tí ọlọ́pàá ń gbà. Á fa ọ̀rọ̀ lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọgbà. Ẹni tó wà ní sitúdíò ní Lerner Hall á dárúkọ wọn, á bi wọ́n ní ìbéèrè kúkúrú, á dákẹ́. Àwọn tó ń wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ débi pé ojúlé wọn kò gbà á, ó wó. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá wà ní ìta géètì. Àwọn ọmọ yìí ti fi òru púpọ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ ẹni tó wà níbẹ̀, ìgbà wo ni, ibo ni, láìfi tara wọn kún un. Orúkọ àwọn olórin ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, oṣù Kẹjọ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú New York nígbà yẹn, nítorí náà bí òru ọjọ́ 27 bá ti kan lọ́dọ̀ wọn, aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ wa, Lester Young á sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó fi omi bọ́jú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Dátà á lọ díẹ̀. Ẹ gbé bírò sí tòsí, torí wọ́n máa dárúkọ onílù, wọn kò sì ní tún un sọ títí orin mẹ́rin mìíràn á fi kọjá.